Bí Onígbá Ṣe Pe Igbá Rẹ̀

Àjàní, ọkọ mi. Àjàní, ọmọ afíngbá-má-jẹ̀ẹ́-kígbá-mọ̀. Ọmọ ọ̀bẹ ṣóńṣó tí í kọ̀wé sára ohun tí kò lè kàwé. Ọmọ a-jókòó-sábẹ́-àtíbàbà-fi-òjò-ṣẹ̀sín. Ọmọ a-gba-igbá-lọ́wọ́-àgbẹ̀-dá-a-padà-bí-ọba. Àjàní tí í bínú láàárọ̀, tí í rẹ́rìn-ín kí ẹ̀kọ tó tutù. Àjàní tí kò jẹ ẹ̀fọ́ tí n kò sè. Ó dìgbà o.

Bí mo ṣe pè é yìí ni mo lè pè é mọ. Orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n láti àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ tí mo ti jẹ́ ìyàwó ní agbo ilé yẹn, n kò pè é rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Kì í sì í ṣe ọkọ tó fẹ́ ẹ nìkan. Gbogbo ẹni tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ni, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tó ń wọ́ kiri. Orúkọ tiwa la máa ń fún wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń retí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mò ń kọ yìí, kó má wulẹ̀ wá a. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Orúkọ gbogbo wọn wà lórí mi, títí dórí àgbẹ̀ tó ń ta igbá fún wa ní Ìrẹsà àti ajá rẹ̀ méjèèjì. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, orí mi ni mo fi ṣe ìwé tó kù.

Igbá ni Àjàní ń fín. Àtíbàbà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ọ̀yọ́. Èèyàn ò ní jẹ àgbàdo sísun kan tán kó tó fẹsẹ̀ rìn dé Ọjà Akẹ̀sán láti ibẹ̀. Òun ló ń jókòó ti ọ̀bẹ, èmi ni mò ń ru igbá lọ sọ́jà. Igbá tútù á ti Ìrẹsà dé, a ó gbé e sórí òrùlé kó gbẹ. Tó bá gbẹ tán, á fi ayùn là á sí méjì, á ha inú rẹ̀, á fi ewé eépín họ ẹ̀yìn rẹ̀ títí á fi máa dán bí orí bíṣọ́ọ̀bù wa. Ìgbà yẹn ni ọ̀bẹ kékeré á tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kì í kọ́kọ́ ya àwòrán sí i. Á ní, "Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kàn ń ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ni."

Àwọn àgbà ní igbá ń lọ, àwo ń bọ̀. Ní ọdún mélòó kan yìí, igbá kò lọ mọ́, ike ló ń bọ̀. Ike pupa, ike aláwọ̀ ewé, ike tí wọ́n ya òdòdó sí lára, tí òdòdó ọ̀hún á sì bó dànù tí a bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo lè jókòó sí Akẹ̀sán láti àárọ̀ kí ẹnì kan ṣoṣo yà lọ́dọ̀ mi, kó gbé igbá, kó yí i sọ́tùn-ún, kó yí i sósì, kó ní, "Ìyá, iṣẹ́ yìí mà dára o," kó gbé e kalẹ̀, kó kọjá lọ ra ike. Àjàní kò sì yéé fín. Pẹpẹ kún. Nígbà tí pẹpẹ kún tán, mo ń to igbá sábẹ́ ibùsùn. Tí ẹsẹ̀ mi bá kan ilẹ̀ láàárọ̀, igbá á dún kó-kó-kó, Àjàní á ní, "Ẹ wọlé, ìlẹ̀kùn ò tì."

Ní Àjíǹde ọdún kan ni àkọ́bí wa wá láti Ìbàdàn. Ó dúró níwájú pẹpẹ, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó rò pé bàbá òun ti sùn lórí àga. Ó ní, "Ibí yìí la ó gbé jẹnẹrétọ̀ sí tó bá yá. Ká kó àwọn igbá yìí fún adìyẹ, kí wọ́n máa fi mumi."

Ọmọ dáadáa ni o. Kò ní èrò burúkú. Ṣùgbọ́n etí Àjàní kì í sùn. Ó jẹ́ kí wọ́n jẹun tán, kí wọ́n di ẹrù, kí wọ́n lọ. Ó wá pè mí.

"Àbẹ̀kẹ́, o gbọ́ 'tó bá yá'?"

"Mo gbọ́."

"Èmi ni 'tó bá yá' yẹn."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, bàbá."

"Kí n má sọ ọ́ kó má yá? Gbọ́. Igbá tí kò wọ ilé ẹnikẹ́ni rí, kì í ṣe igbá, èso oko ni. Mi ò ní lọ bá àwọn baba mi kí n sọ fún wọn pé adìyẹ ni mo fín igbá fún. Mo fẹ́ kí pẹpẹ yìí ṣófo kí n tó lọ. Kí olúkúlùkù wọn ní ilé tirẹ̀."

Ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn. Dókítà tó ń wò ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti sọ fún wa pẹ̀lẹ́ pé ọkàn náà ti ṣiṣẹ́ pẹ́, pé ká má gbé ẹrù lé e. Oṣooṣù là ń lọ. Tí a bá sì lọ, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin la máa ń dé sí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni àbúrò yìí nígbà tí mo wọlé bí ìyàwó. Eyín rẹ̀ funfun débi pé Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́. Eyín ọ̀hún ti ká tipẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún un ló wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ó sì wá funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà n kò rídìí tí mo fi máa yí orúkọ padà. Mo fi ọjọ́ orí jù ú, òun náà fi ilé jù mí. Mò ń fi "ẹ" pè é, òun náà ń fi "ẹ" pè mí, a sì máa ń bú ara wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kaṣú yíyan ló ń tà báyìí, inú ìgò ló ń rọ ọ́ sí, orí fóònù ló sì ti ń tà á.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìrìn o. Igbá ńkọ́?"

"Ó wà lábẹ́ ibùsùn."

"Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àjàní ló ro ẹjọ́ pẹpẹ fún un, tó sọ bí adìyẹ ṣe fẹ́ jogún òun. Eyínfúnjowó mú fóònù, ó jókòó sáàárín àwa méjèèjì. Ó ní tí èèyàn bá ya àwòrán ọjà rẹ̀ síbẹ̀, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ó kàn gbé igbá sínú òkùnkùn ni. Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, kó so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ láìfàyè sílẹ̀, kó wá fi àmì kan ṣíwájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, ìbáà wà lẹ́yìn òkun, gbogbo àwòrán tó bá ń jẹ́ orúkọ náà ni yóò tò síwájú rẹ̀. Háṣítáàgì ni wọ́n ń pè é. Ó fi tirẹ̀ hàn wá, #KaṣúÒgbómọ̀ṣọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ìgò kaṣú sì tò lọ bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ kọrin.

Àjàní gba fóònù, ó sún un mọ́ ojú, ó tún sún un jìnnà. Kì í ṣe kaṣú ló ń wò.

"Igi méjì dúró, igi méjì dùbúlẹ̀. Ojú ẹní rèé! Ohun tí baba mi kọ́kọ́ kọ́ mi rèé, kí n tó mọ ẹyẹ fín. Ta ló gbé e fún wọn?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, kò sẹ́ni tó jí i gbé."

"Mi ò ní wọ́n jí i. Mo ní ta ló gbé e fún wọn."

Bó ṣe mọ àmì náà yìí ló jẹ́ kó gbà. Eyínfúnjowó fún wa ní fóònù rẹ̀ àtijọ́, èyí tí ojú rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ọ̀dá, ó bá wa ṣí ojú-ewé síbẹ̀, ó kọ́ mi bí a ṣe ń ya àwòrán àti bí a ṣe ń fi ránṣẹ́. Inú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ sí gáréèjì ni mo ti ń ya ẹ̀yìn orí oníkẹ̀kẹ́.

A délé. Àjàní fọwọ́ ara rẹ̀ yan igbá àkọ́kọ́, èyí tí ẹyẹ mẹ́rin ń ṣa ọkà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé e sórí àpótí níwájú ilé, mo yà á, ó jáde dáadáa. Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sí i.

Àjàní ní, "Kọ orúkọ mi. Ta ló fín in?"

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé n kò lè pè é."

"Kíkọ ni, kì í ṣe pípè."

"Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n bá pè é, tí wọ́n bá bèèrè pé ta ló kọ ọ́, ṣé kì í ṣe ìyàwó ni?"

"Ta ló fẹ́ bèèrè?"

"Ìyá yín á bèèrè, níbi tí wọ́n wà."

Ìyá rẹ̀ ti lọ ní ogún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Àjàní wẹ̀yìn wò, nítorí ó mọ ìyá rẹ̀. A jà á títí oúnjẹ fi tutù. Nígbẹ̀yìn, mo kọ bí mo ṣe ń pè é fún aráyé: #ỌkọMi. Òótọ́ ni mo kọ, àbí irọ́ ni?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èèyàn bí ogójì ti tẹ ọkàn pupa sí i. Mo pariwo pé Olúwa ti ṣe é. Mo wọ gíláàsì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ fún Àjàní sókè. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Ẹ kú oríire, Màmá. Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́ pọ̀." Ẹnì kejì ní, "Ọkọ tèmi náà níkùn báyìí, kò yàtọ̀." Ẹnì kẹta ní, "Màmá, ọkọ yín dà? Igbá la rí." Ẹnì kẹrin dá a lóhùn pé, "Bóyá wọ́n fi igbá bò ó."

Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Háà! Àwọn obìnrin tó ń ṣe ọjọ́ ìbí fún ọkọ wọn ló kún ibẹ̀. Ọkọ tó wọ kóòtù, ọkọ tó gbé kéèkì dání, ọkọ tó wà nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Igbá Àjàní dá jókòó sí àárín wọn bí ẹni tó ṣìnà dé ilé ìgbéyàwó.

Àjàní rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú, ẹ̀rù sì bà mí. Nígbà tó rí èémí mí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọjà ọkọ lo gbé mi lọ. Kò sẹ́ni tó máa ra nǹkan níbẹ̀. Wọ́n ti ní tiwọn, ó sì ti sú àwọn míì."

Mo rò pé kíkéré ló kéré, pé ọ̀rọ̀ kan ò tó pe ayé. Mo gbé igbá kejì síta, mo jókòó, mo da gbogbo oríkì rẹ̀ sílẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú ẹní níwájú rẹ̀. Àjàní. Ọmọ afíngbá. Ọmọ ọ̀bẹ ṣóńṣó. Ajókòósábẹ́àtíbàbà, láìfàyè sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo gbé ẹ̀fọ́ kaná kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀fọ́ jóná kí n tó parí. Ọ̀rọ̀ náà lé ní ogún. Nígbà tí mo tẹ Àjàní, mo bá Àjàní agbábọ́ọ̀lù pàdé, Àjàní tó ń rán aṣọ, Àjàní tó ń ta ọkọ̀, àti òbúkọ kan tó ń jẹ́ Àjàní tí wọ́n ń wá. Nígbà tí mo tẹ àwọn yòókù, èmi nìkan ni mo bá níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti tẹ̀ wọ́n rí láti ìgbà tí ayé ti dáyé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Eyínfúnjowó pè.

"Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Rárà lẹ ń sun ni, àbí igbá lẹ ń tà?"

"Méjèèjì."

"Ẹ fi rárà sílẹ̀, èmi náà mọ ọmọ ẹni tí bọ̀ọ̀dá mi í ṣe. Ní Akẹ̀sán, ṣé ẹni tó ń ta iyọ̀ máa ń lọ jókòó sáàárín àwọn aláṣọ?"

"Kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ ẹ̀ wá rí i? Ìsọ̀ ọjà ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ló mọ ìsọ̀ tí òun ń lọ. Àárín àwọn ọkọ ni ẹ kọ́kọ́ lọ pàtẹ sí, ẹ wá kúrò níbẹ̀, ẹ lọ pàtẹ sínú igbó kìjikìji. Ẹ má wo ẹni tó fín in mọ́. Ẹ wo ẹni tó ń wá a kiri. Kí ni òun fúnra rẹ̀ ń pe ohun tó ń wá? Ẹ kọ ìyẹn, ẹ kọ ìlú tó ti wá, kó parí. Márùn-ún ti tó. Tó bá pọ̀ jù, ẹ ó dà bí ẹni tó ń fa aṣọ èrò ọjà ya."

Mo jíṣẹ́ fún Àjàní. Inú bí i. "Kí n tó fín in, ṣé mo bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ń wá?" Ó wọlé lọ sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti oko ẹ̀fọ́ ẹ̀yìn ilé dé lọ́jọ́ kejì, mo bá a lórí ìjókòó níwájú pẹpẹ, igbá kan lórí itan rẹ̀, ó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

"Ìwọ, ta ló ń wá ọ?"

Èmi ni mo dáhùn fún igbá. "Ìyá ìyàwó ni. Ó fẹ́ fi mí kó ẹrù ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ. Ẹ ò rí i pé mo ní ìdérí?"

"Ó dáa. Ìwọ kékeré yìí ńkọ́?"

"Ẹni tó fẹ́ sọmọ lórúkọ ni, tó fẹ́ fi mí gbé oyin àti iyọ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe títí a fi kan ọ̀kan tó wọ́, tí ìjàpá tó wà lára rẹ̀ ń wo èèyàn bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ọjọ́ tí Àjàní bá aládùúgbò wa jà ló fín in.

"Ìyí kò sẹ́ni tó ń wá a," ni Àjàní wí.

"Ẹ jẹ́ kí n pè é ní #IgbáÌbínú."

"Pè é bẹ́ẹ̀. Ta ló kù tí a ò tíì dójú tì?"

Ẹ gbà mí gbọ́, ìyẹn ló kọ́kọ́ lọ. Obìnrin kan ní òun ń wá ohun tí òun yóò máa gbé síwájú ọkọ òun lọ́jọ́ tó bá pẹ́ dé, kó lè mọ bí inú òun ṣe rí kó tó lanu.

Ti ìyá ìyàwó náà kò pẹ́. #IgbáÌyàwó, #ẸrùÌyàwó, #IgbáFínfín, #Ọ̀yọ́, ohun tí mo kọ sí i nìyẹn, n kò fi kún un. Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin kan kọ̀wé láti Ògbómọ̀ṣọ́: "Màmá, ṣé igbá yìí ṣì wà? Mo ti wá a dé Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á." Mo dá a lóhùn pé, "Ta ni mo fẹ́ tà á fún?" Ó wọkọ̀, ó wá fúnra rẹ̀. Àjàní nu igbá náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá bi í pé yàrá wo ni ọmọ rẹ̀ máa gbé e sí, pé ṣé ọkọ náà kì í ju nǹkan. Ẹ ó rò pé ọmọ tiwa la ń fà kalẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mo ń jó. Àjàní kò jó.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò ní fi fún adìyẹ lómi?"

Ẹ wo ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí pẹpẹ ṣófo. Mo pe Eyínfúnjowó, mo gbé fóònù sórí àpótí kí ohùn rẹ̀ lè ráyè jáde. Kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ní ó ku orúkọ kan tí a ò tíì ní, orúkọ tó jẹ́ tiwa nìkan, tí ẹlòmíì kò jẹ́. Kí a sọ fún gbogbo ẹni tó bá rà pé tí wọ́n bá gbé e dé ilé wọn, kí wọ́n yà á níbi tí wọ́n gbé e sí, kí wọ́n fi orúkọ náà sí i. "Tí bọ̀ọ̀dá mi bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, wọ́n wọ ilé gbogbo wọn nìyẹn, láìkanlẹ̀kùn. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni ayé ń bá a pè é. Ó yá, ẹ sọ ọ́ lórúkọ."

Àjàní ní orúkọ òun. Mo ní rárá. Eyínfúnjowó ní Igbá Ọ̀yọ́, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àwọn kan ti ń jẹ́ ẹ. Àjàní tún ní orúkọ òun, mo tún ní rárá, ìbínú sọ ikọ́ sí i lọ́nà ọ̀fun. Mo sáré bu omi wá, mo gbé orí rẹ̀ sí apá mi. Mo ní, "Ẹ rọra mu ún, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. Ẹ rọra."

Eyínfúnjowó gbọ́ ọ lórí fóònù. Ó wá ní, "Kí lẹ pè é?"

Mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé bí ìyàwó ni mo sọ Àjàní lórúkọ yẹn. Ẹ̀gún wọ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé orúnkún, ó fi ọ̀bẹ ìfíngbá yọ ọ́, n kò sì mọ̀ pé ó ti yọ títí ó fi fi hàn mí. Láti ọjọ́ yẹn, inú yàrá nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa kò gbọ́ ọ rí.

"Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀!" Eyínfúnjowó ń rẹ́rìn-ín débi tí mo fi ń gbọ́ eyín rẹ̀ tó ń mì. "Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi pàṣán lé mi kiri agbo ilé!"

Àjàní fa fìlà bo ojú. "Àbẹ̀kẹ́, orúkọ yàrá lo gbé jáde yẹn."

"Ó bọ́ ni, bàbá."

"Ẹ dúró ná," ni fóònù wí. "Mo ti tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ láyé. Tiyín nìkan ni."

Ọjọ́ méjì ni Àjàní kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju "gbé e wá" àti "gbé e lọ" lọ. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé igbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín láti yà á, ọwọ́ mi kan nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Mo yí i padà. Ojú ẹní kékeré kan ló wà níbẹ̀, igi méjì dúró, igi méjì dùbúlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ló wá fín orúkọ yàrá mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tínńtín bí ẹsẹ̀ èèrà. Mo yí i dé, mo ya àwòrán mi lọ. Òun náà ń wo ọ̀nà míì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti fín in sábẹ́ gbogbo èyí tó kù.

Láti ìgbà yẹn, kò tíì bọ́jú láàárọ̀ kó tó ní, "Tẹ ilé mi, kí n wọlé." Mo tẹ #Ọlọ́wọ́Ẹ̀rọ̀, a wọlé. Igbá ìyá ìyàwó ló kọ́kọ́ dé, wọ́n to máńgòrò sínú rẹ̀ lórí tábìlì, Àjàní sì ní kí n sún un mọ́ òun kí òun wò ó bóyá ọ̀kan nínú máńgòrò náà ti rà. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Ìlọrin, òòyà ló kún inú rẹ̀. Ọ̀kan wà ní Àbújá, wọ́n ti dá a lu jálajàla, wọ́n so ó mọ́ àjà.

"Wọ́n ti pa á!"

"Ẹ wò ó dáadáa, bàbá. Iná ló wà nínú rẹ̀."

Ó wò ó pẹ́. "Igbá tó ń tanná," ló wí. "Baba mi kò rí èyí." Ó mọ gbogbo wọn. Á ní, "Ọ̀sẹ̀ tí òjò ká páànù wa lọ ni mo fín ìyí." Á ní, "Wo ẹyẹ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ìwọ lo pè mí wá jẹun."

Àwòrán kan dé lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ fi pa mọ́. Adìyẹ ló jókòó sínú igbá wa, ó fẹ̀ bí ìyáálé. Mo ní fóònù ti kú. Ó ní kí n gbé e wá. Ó wo adìyẹ, adìyẹ náà wò ó.

"Ṣé omi ló ń mu?"

"Rárá, bàbá. Wọ́n ní ó ń yé ẹyin ni."

"Tó bá jẹ́ yíyé ni, kó jókòó. Ìyẹn ti sọ ọ́ di ilé."

Pẹpẹ ń ṣófo. Abẹ́ ibùsùn ṣófo. Ilẹ̀ dákẹ́ láàárọ̀. Nígbà tí àkọ́bí wa tún wá, ó ní, "Màmá, àwọn igbá dà?" Bàbá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Wọ́n ti lọ sílé ọkọ. O lè gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ wá." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Ojú tì í gan-an, mo sì bu oúnjẹ kún oúnjẹ rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀kan nílé, kò sì sí lórí pẹpẹ. Igbá omi mi ni, èyí tí Àjàní fín fún mi lọ́dún tí mo wọlé. Ẹ̀bá rẹ̀ hàn díẹ̀ nínú àwòrán kan tí mo yà, tíṣà obìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì rí i. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ní irú rẹ̀ gan-an ni ìyá ìyá òun fi ń fún òun lómi.

"Gbé e fún un," ni Àjàní wí.

"Tèmi ni!"

"Kò tíì wọ ilé kankan."

"Ilé mi ńkọ́?"

"Ilé rẹ, ilé mi ni. Mi ò kà á." Ó wá fa ọwọ́ mi. "Àbẹ̀kẹ́, ọmọdé ni mí nígbà tí mo fín ìyẹn. Jẹ́ kó lọ. Màá fín òmíràn fún ọ. Ọwọ́ mi ti mọ nǹkan tí kò mọ̀ nígbà yẹn."

Mo bú ú díẹ̀ nínú ikùn mi, mo sì gbé e lọ. Àgbẹ̀ Ìrẹsà gbé igbá tútù tó tóbi jù lóko rẹ̀ wá, ó gun àkàbà, ó gbé e sórí òrùlé fún wa. Ojoojúmọ́ ni Àjàní ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà, tó ń gbójú sókè bá a sọ̀rọ̀. "Ìwọ, ṣé o ti gbẹ? Ta ló ń wá ọ? Àbẹ̀kẹ́ ló ń wá ọ o. Ṣe kíá." Ó ti pọ́n ọ̀bẹ sílẹ̀ dè é.

Igbá kì í gbọ́ kíá. Ọkàn Àjàní kò dúró dè é. Àárọ̀ ni, kí n tó tẹ ilé fún un.

Eyínfúnjowó ló kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ náà pé ẹni tó ni ọwọ́ yẹn ti sinmi. Gbogbo igbá tún jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan nílé tirẹ̀. Àwọn míì gbé àbẹ́là síwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn tí n kò rí sójú rí ń sọ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ń bèèrè pé, "Ṣé ilé Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ nìyí?" Orúkọ yàrá mi, lẹ́nu ọlọ́kadà! Mo kọ́kọ́ bínú. Lẹ́yìn náà, mo ń dá wọn lóhùn pé, "Ibí ni. Ẹ wọlé."

Ìyá ìyàwó náà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó jókòó, oòrùn ti pa á lójú ọ̀nà, ó ní kí n jọ̀ọ́ fún òun lómi mu. Mo wọ ilé ìdáná, ọwọ́ mi nà síbi tó ti ń nà sí láti àádọ́ta ọdún, kò sì bá nǹkan kan. Mo wo orí pẹpẹ, mo wo abẹ́ ibùsùn. Kò sí igbá kan ṣoṣo nílé afíngbá. Ike pupa kan tí wọ́n fi kó ìrẹsì wá ni mo rí, òdòdó ara rẹ̀ ti bó dé ìdajì. Mo bu omi sí i, mo gbé e fún un. Obìnrin náà wo ike, ó wò mí. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wa ló mú kí bíṣọ́ọ̀bù gbójú sókè.

Igbá Ìrẹsà ṣì wà lórí òrùlé, kò tíì gbẹ. A sin Àjàní lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.